Ṣé Kòkòrò Tó Dára Wà?

Gbólóhùn kan péré ni ọ̀rẹ́ mi gbé wá. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹran ọ̀sìn, òun àti alábòójútó pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì fẹ́ tẹ ìwé pélébé olójú-ewé méjì fún àwọn ìyá tó ń sin adìyẹ ní àwọn abúlé tó yí ọgbà ilé-ìwé wa ká. Wọ́n ti kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tán. Ó ní kí n bá òun dá a sí Yorùbá, pé ṣebí èmi ni mo ń kọ́ nípa èdè. Gbólóhùn tó wà lókè pátápátá ni mo ń wí. Ohun tó sọ kò ju pé àwọn bakitéríà tó ń gbé inú ìfun òròmọdìyẹ ló ń kọ́ ara rẹ̀ bí yóò ṣe máa gbógun ti àrùn.

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń lò fún bakitéríà ni kòkòrò àrùn. Òun ni rédíò ń lò, òun ni nọ́ọ̀sì ń lò, òun ló wà lára pátákó tí wọ́n kọ "Ẹ fọwọ́ yín" sí nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi í sínú gbólóhùn yẹn kí ẹ wo ohun tó dà: kòkòrò àrùn ló ń kọ́ òròmọdìyẹ bí kò ṣe ní ṣàìsàn. Ẹni tó bá kà á á ní orí ẹni tó kọ ọ́ ti dàrú, tàbí kó gbà á gbọ́ kó sì fi ìdọ̀tí pa adìyẹ rẹ̀. Mi ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Kì í ṣe eré lọ̀rọ̀ yìí fún mi. Láti ìgbà tí mo ti wọ ọdún kejì, adìyẹ ni màmá mi ń sìn tí wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé mi. Wọ́n máa ń gbé 200 òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, nínú páálí oníhò. Wọ́n á ta pàǹtí pákó láti sọ́míìlì sílẹ̀, wọ́n á tan gílóòbù sí wọn lórí, wọn kò sì ní sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́dún tó kọjá, 71 ló kú nínú wọn kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbẹ́ ló ń yà wọ́n, tó ń gbẹ mọ́ wọn nídìí. Màmá mi á jí ní aago márùn-ún ìdájí, wọ́n á ti ṣa òkú sínú àpò ìrẹsì kí àwa tó jí, ká má bàa rí i. Sáà yẹn, ìdajì owó ilé-ìwé ni mo rí san, ó sì ku ọjọ́ kan kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ kí orúkọ mi tó jáde lórí pọ́tàlì. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní òun mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun òròmọdìyẹ, mo máa jókòó gbọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé, ó tún kó nǹkan tí mo máa kà fún mi. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò lè túmọ̀ ohun tí kò yé mi.

Àwọn àgbà ní òròmọdìyẹ ò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló mọ àṣá. Inú ẹyin lọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Adìyẹ tí àrùn ti bá fínra rí máa ń di ẹrù sínú pupa ẹyin fún ọmọ tí kò tíì rí: èròjà agbóguntàrùn tí ara òun fúnra rẹ̀ ti pèsè. Òròmọdìyẹ á máa fa pupa yìí sára títí ọjọ́ 21 tí yóò pa, àti fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá pa. Pupa yìí kan náà ni oúnjẹ rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kó kú nínú páálí bí wọ́n ṣe ń gbé e láti ìlú dé ìlú láìjẹ láìmu. Àmọ́ ẹrù ìyá ń tán. Bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta bá ti ń kọjá, ohun tí ìyá dì fún un ti ń lọ sópin, ti òun alára ló gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Mo wo kàlẹ́ńdà màmá mi tó wà lára ògiri ilé adìyẹ, níbi tí wọ́n ti ń fi báírò kọ iye tó kú lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta ni iye náà ga jù. Mi ò sọ pé ohun tó pa wọ́n nìyẹn, nítorí kò sí dókítà ẹran tó yẹ̀ wọ́n wò. Mo kàn sọ ohun tí mo rí lára ògiri.

Níbo wá ni òròmọdìyẹ ti ń rí tirẹ̀? Inú ìfun ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni eku tí wọ́n ń sìn nínú àpótí tí bakitéríà kankan kò lè wọ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ ló ń mí, oúnjẹ tí wọ́n ti fi iná pa ohun gbogbo inú rẹ̀ ló ń jẹ. Eku bẹ́ẹ̀ ò kú. Ó ń rìn, ó ń bímọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá la inú rẹ̀, àwọn ibùdó kéékèèké tó yẹ kí ọmọ ogun ara kóra jọ sí lára ìfun rẹ̀ á kéré, èròjà tó yẹ kó máa bo ògiri ìfun láti inú wá ò ní tó nǹkan. Bárékè wà, ológun inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá wá fún un ní bakitéríà inú eku mìíràn, àwọn ibùdó yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 wá ṣe ohun tí èmi gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè ò lè gbàgbé. Wọ́n mú irú eku aláìníbakitéríà yìí, wọ́n fún àwọn kan ní bakitéríà inú eku, wọ́n fún àwọn mìíràn ní bakitéríà inú ènìyàn. Ti ènìyàn náà gbilẹ̀ nínú ìfun wọn, ó pọ̀ bíi ti eku. Àmọ́ ọmọ ogun ara kò pọ̀ sí i bó ṣe yẹ. Ìfun kún, ara kò kọ́ ohun tó yẹ kó kọ́. Mo rẹ́rìn-ín níbi tí mo ti ń kà á nínú láíbìrì, torí ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ọmọ tí wọ́n fi èdè tí kò gbọ́ kọ́ ní ìṣirò.

Ó tún kù. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì wa lọ́dún kejì ló mọ Lenneberg, ẹni tó sọ ní 1967 pé àkókò kan wà fún ọmọ láti gba èdè abínibí sára, tí àkókò náà bá sì kọjá, wàhálà dé. Ara náà ní àkókò tirẹ̀. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Institut Pasteur ní Paris fi hàn pé ọmọ eku tó bá ń já kúrò lẹ́nu ọmú, láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin, máa ń ní ìgbà kan tí ìfun rẹ̀ á ta gìrì sí àwọn bakitéríà tuntun tó ń bá oúnjẹ wọlé. Ìtagìrì yẹn á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Eku tí wọ́n bá dí i lọ́wọ́ nípa fífún un ní àǹtíbáyótíìkì lásìkò yẹn, tó bá dàgbà tán, ìfun rẹ̀ á tètè máa wú, ara rẹ̀ á sì máa bínú sí ohun tí kò tó bínú sí. Tí bakitéríà bá dé lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àfiwé ni ti Lenneberg o, ẹ má lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò. Wọ́n ṣì ń bá Lenneberg jiyàn títí dòní. Ṣùgbọ́n ó ràn mí lọ́wọ́ láti rí i pé kì í ṣe iye bakitéríà nìkan lọ̀rọ̀ wà. Ìgbà tí wọ́n dé náà ṣe pàtàkì.

Eku nìyẹn. Adìyẹ ní ohun kan tí eku àti ènìyàn ò ní. Lẹ́yìn ìfun ìsàlẹ̀ òròmọdìyẹ, lókè ihò ìdí rẹ̀, àpò kékeré kan wà níbẹ̀. Hieronymus Fabricius, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Padua ní Ítálì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1621 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fún ohun tó lé ní 300 ọdún, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tí àpò yìí ń ṣe. Lẹ́yìn 1950, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ohio State University lÁmẹ́ríkà, Bruce Glick, ń gé e kúrò lára òròmọdìyẹ láti mọ ìyàtọ̀ tó máa dé bá wọn. Kò rí ìyàtọ̀ kan gúnmọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Timothy Chang, wá nílò adìyẹ tó máa fi han kíláàsì kan bí ara ṣe ń pèsè èròjà agbóguntàrùn. Ó yá lára adìyẹ Glick, ó gún wọn ní abẹ́rẹ́ ohun tó wá láti ara Salmonella, ó wá ń wá èròjà inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kò rí i. Àwọn tí Glick ti gé àpò wọn ni! Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Science, ìyẹn kọ̀ ọ́, Poultry Science ló tẹ̀ ẹ́ ní 1956. Lónìí, ọmọ ogun ara tó ń pèsè èròjà agbóguntàrùn, ì báà jẹ́ ti adìyẹ, ì báà jẹ́ tèmi tìrẹ, lẹ́tà B ni wọ́n fi ń pè é, B yẹn sì wá láti ara orúkọ àpò tó wà nídìí adìyẹ. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, ìtàn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn méjèèjì, adìyẹ tí ẹnì kan yá lọ́wọ́ ẹnì kejì ló sì là á.

Àpò náà kò dì pa. Ó ní ọ̀nà tóóró kan tó já sí ìdí, òròmọdìyẹ sì máa ń fà díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tó bá wà níbẹ̀ wọnú àpò: bakitéríà, ìdàrọ́ oúnjẹ, ohun tó bá jókòó lé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ so ọ̀nà yìí pa lára òròmọdìyẹ, àpò náà kò dàgbà bó ṣe yẹ. Gbogbo ẹni tó ń sin adìyẹ nílẹ̀ wa ló sì mọ ọ̀tá rẹ̀ lórúkọ, bí wọn ò tiẹ̀ mọ àpò náà fúnra rẹ̀. Gọ́mbóró. Orúkọ ìlú kékeré kan ní Delaware lÁmẹ́ríkà ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn náà. Àpò yìí gan-an ni fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ń bà jẹ́. Màmá mi máa ń sọ pé adìyẹ tó bá ti ṣe Gọ́mbóró tó yè é, àìsàn kékeré kankan ò ní kọjá lára rẹ̀ láìyà. Wọn kò ka Glick, ojú ni wọ́n fi rí i.

Ẹ wá wo àgbébọ̀ ìlú wa. Ó sàba sínú agbọ̀n àlòpatì, ó pa mẹ́jọ, kò pẹ́ kò jìnnà ó ti kó wọn dé ààtàn. Ó ń fẹsẹ̀ walẹ̀, ó ń pè wọ́n, wọ́n ń ṣa ohun tó ti fi ẹnu kàn. Wọ́n ń tẹ ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń sùn sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Ìyá ti dì ẹrù kan sínú ẹyin, ó tún ń dì ìkejì sí wọn lẹ́nu. Òròmọdìyẹ háṣírì kò rí ìyá rẹ̀ rí. Wọ́n ti fín ẹyin rẹ̀ kí wọ́n tó kó o sínú ẹ̀rọ, ohun tó sì kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ ni ohun tó bá wà nínú páálí, lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, nínú omi tí a bù sílẹ̀ fún un. Ní Brno, ní orílẹ̀-èdè Czech, àwọn olùwádìí kan fi òròmọdìyẹ bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀ àgbà adìyẹ, wọ́n tẹ èsì wọn jáde ní 2019: ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ àgbà ti tó láti gba ọ̀pọ̀ nínú bakitéríà inú rẹ̀. Mi ò sọ pé ààtàn sàn ju háṣírì lọ. Àwòdì, òtútù àti Lùkúlùkú ń pa ọmọ àgbébọ̀ rẹpẹtẹ, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé abúlé rí.

Àwọn ará Finland ti rí díẹ̀ nínú èyí tipẹ́. Salmonella jà láàárín adìyẹ wọn ní 1971. Nurmi àti Rantala mú ohun tó wà nínú ìfun àgbà adìyẹ tí ara rẹ̀ le, wọ́n fi fún òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fún un ní Salmonella. Salmonella ò ríbi dúró sí dáadáa. Ìwé ìròyìn Nature tẹ èyí jáde ní 1973, ó sì ti di ọjà tí wọ́n ń tà fún háṣírì láti ìgbà náà. Ọ̀rẹ́ mi kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe pe ti Finland yìí ní ẹ̀kọ́. Àyè ni. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹ bá pẹ́ dé gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo ìjókòó ti kún. Fífi ìjókòó du àlejò ni iṣẹ́ kan, kíkọ́ ọmọ ogun ara níṣẹ́ ni iṣẹ́ kejì, àwọn bakitéríà kan sì ń ṣe méjèèjì pọ̀.

Mo wá pe màmá mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni omi ọjọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí páálí bá dé, kí òròmọdìyẹ tó jẹ ẹyọ ọkà kan, àǹtíbáyótíìkì ti wà nínú omi wọn. Màmá mi nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tà wọ́n ní oúnjẹ adìyẹ ló máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì fún gbogbo oníbàárà: glúkóòsì, fítámì, àǹtíbáyótíìkì, ọjọ́ márùn-ún. Apakòkòrò ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń pa kòkòrò tí kò tíì dé, àtèyí tó yẹ kó dé àtèyí tí kò yẹ.

Mo ní, "Mọ́mì, kòkòrò kan wà nínú ìfun adìyẹ tó jẹ́ pé oore ló ń ṣe é."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Kòkòrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé kòkòrò tó dára wà? Àwọn tó pa 71 fún mi lọ́dún tó kọjá, èwo ló dára nínú wọn?"

Ẹni tó ti ṣa òkú adìyẹ ní ìdájí, kò yẹ kí ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì máa wàásù kòkòrò fún un lórí fóònù. Mo yí ohùn padà. Mo ṣàlàyé ti pupa ẹyin, mo ṣàlàyé ti ààtàn, mo ní ohun tí òròmọdìyẹ bá kọ́kọ́ jẹ ni ara rẹ̀ fi ń mọ bí wọ́n ṣe ń jà. Wọ́n ní, "Àjẹsára nìyẹn. Àjẹsára ni mo mọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí ò ń wí yẹn."

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, òun ló gbà mí ní òru mẹ́ta. À + jẹ + sí + ara: ohun tí a jẹ sí ara. Fáwẹ́lì sí bọ́, ohùn òkè rẹ̀ dúró, a ní sára. Kí abẹ́rẹ́ tó dé, oògùn tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi mu ẹ̀kọ ni, kí ohun búburú tó bá dé bá ara níbẹ̀ kó padà. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ wá dé, wọ́n so ó mọ́ ọn, ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára, abẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ. Tí ẹ bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, òròmọdìyẹ ló bá a mu jù nínú gbogbo wa: ó jẹ ẹ́, ó wọ ara. Kódà ti Gọ́mbóró àti Lásótà tí màmá mi ń rà, inú omi ni wọ́n ń pò ó sí fún wọn mu.

Kòkòrò náà ò burú tó bí mo ṣe kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Nínú gírámà, kòkòrò àrùn ń ya apá kan sọ́tọ̀ nínú kòkòrò ni, bí aṣọ òkè ṣe ń ya apá kan sọ́tọ̀ nínú aṣọ. Àyè wà fún kòkòrò tí kì í ṣe ti àrùn, àwa la dì í pa. Anthony Buckley, tó ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn Yorùbá tó sì tẹ Yoruba Medicine jáde ní 1985, gbọ́ lẹ́nu wọn pé kòkòrò àti aràn wà nínú ara gbogbo ènìyàn, wọ́n ní àpò tí wọ́n ń gbé, wọ́n sì níṣẹ́ tó wúlò tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí wọ́n kún kọjá àpò wọn, ni àìsàn dé. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá ìyá alágbo tó wà lẹ́bàá gééètì wa, mo bi wọ́n bóyá èèyàn lè má ní kòkòrò jẹ̀díjẹ̀dí lára rárá. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bi wọ́n bóyá èèyàn lè má nídìí. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tí ò ní. Kó má ṣáà ti pọ̀ jù." Kì í ṣe pé wọ́n mọ bakitéríà kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe irú àkọlé Facebook yẹn. Kòkòrò tiwọn kì í ṣe bakitéríà ti ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń rò ó gba gbólóhùn tí èmi ò rí túmọ̀.

Mo gbé àjẹsára lọ bá alábòójútó mi. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Wọ́n ní tí ìyá kan bá kà á pé bakitéríà inú ìfun ni àjẹsára òròmọdìyẹ, kí ló máa dí i lọ́wọ́ láti má ra ti Gọ́mbóró mọ́? Ọ̀rẹ́ mi tún fi tirẹ̀ kún un: ẹlòmíì á bu ìgbẹ́ àgbà adìyẹ sílẹ̀ fún òròmọdìyẹ, á sì fi Salmonella àti kókísì kún un láìmọ̀. Ohun tí wọ́n lò ní Finland, wọ́n ti yẹ ẹran tó ti wá wò kí wọ́n tó lò ó. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì dùn mí. A fi àjẹsára sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ àti omi Lásótà. Ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ nìkan la mú.

Fún àwọn bakitéríà, ará ìfun ni mo dá lábàá, bí a ṣe ń sọ ará ilé àti ará oko. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé pélébé náà kà báyìí nísinsìnyí: "Nínú ohun tí òròmọdìyẹ bá kọ́kọ́ jẹ tó sì mu ni ara rẹ̀ ti ń kọ́ ìjà. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan wà tí ojú ò rí, ará ìfun ni wọ́n, àwọn ló ń kọ́ ọ." Ohun tó tẹ̀ lé e ni omi tó mọ́, ilẹ̀ tó gbẹ, àjẹsára ní ọjọ́ tó yẹ, àti pé kí ẹnikẹ́ni má da àǹtíbáyótíìkì sómi láìjẹ́ pé dókítà ẹran rí àìsàn tó sì ní kó lò ó. A kọ ọ́ gbọọrọ pé kí wọ́n má fi ìgbẹ́ adìyẹ kankan fún òròmọdìyẹ.

Mo ka a fún màmá mi. Ará ìfun pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé wọ́n ń san owó ilé ni. Nígbà tí mo dé ibi àǹtíbáyótíìkì, ẹ̀rín tán. Wọ́n ní tóun ò bá fi sómi tí wọ́n bá kú, ṣé èmi àti ọ̀rẹ́ mi la máa san án? Mo ní rárá, Mà. Wọ́n ní ó dáa, òun á pe dókítà ẹran tó ń gún ajá àwọn aládùúgbò wa lábẹ́rẹ́, òun á bi í léèrè kí páálí tó dé lọ́jọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mi ò rí: orúkọ fún àpò Fabricius. Àpò ìdí la kọ́kọ́ kọ, gbogbo ẹni tí a kà á fún ló rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ ìtúmọ̀, tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ìyẹn lọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí olóòtú kí oṣù yìí tó parí. A ò tíì gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.